Ológbò Tí Wọ́n Ti Tẹ̀ Lọ́dàá Tó Ṣì Ń Gùn: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ohun Tó Fà Á

Ẹ má tíì bá dókítà ẹran jà nítorí pé ológbò tó tẹ̀ lọ́dàá ṣì ń gun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí nítorí pé abo tí wọ́n ti yọ ilé-ẹyin àti ilé-ọmọ rẹ̀ tún ń ké lóru bíi pé ó ń wákọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ohun mìíràn ló ń ti ẹran náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nǹkan ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìgbà tí ìwà náà ń dé, iye ọjọ́ tó ń lò, àti ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láyìíká, á mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì kó tó náwó ọkọ̀.

Ẹja ni mo ń yan ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà. Ẹni tó bá ń kó agbọ̀n àrọ̀ àti òbòkún yíyan pamọ́ de ọjọ́ ọjà kò lè má sin ológbò, torí eku á jẹ èrè rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n òórùn ẹja yìí kan náà ló ń pe gbogbo ológbò àdúgbò wá sí ìdí ààrò mi, akọ àti abo, èyí tó nílé àti èyí tí kò nílé. Abo lè gboyún nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, oyún rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ. Bí èèyàn kò bá ṣe nǹkan sí i, kí ọdún tó yí po, ọmọ ológbò á ti kún abẹ́ gbogbo páànù. Mo ti ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún gbogbo ológbò mi, mo sì ń gba ẹni tó bá bi mí níyànjú pé kó ṣe tirẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ dáhùn: “Ìyá, ṣebí ẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ló tún ń gùn kiri fún?”

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́

Kórópọ̀n ni testosterone ti ń wá lára akọ. Òun ni èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un jà, tó ń mú un rìn jìnnà sílé, tó ń mú un gun abo. Bí wọ́n bá ti yọ kórópọ̀n méjèèjì, testosterone inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìwà kì í bá a wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Akọ mìíràn á jáwọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé, òmíràn á lo oṣù mélòó kan. Àtọ̀ tó ti wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó ṣe é náà kò tíì lọ: fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, akọ tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí ṣì lè fún abo lóyún. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ abo tí wọn kò tíì ṣe fún oṣù kan àbọ̀.

Ní ti abo, bó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń wákọ gan-an ni wọ́n ṣe é, òórùn rẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ náà. Àwọn akọ á ṣì máa tẹ̀ lé e fún ọjọ́ díẹ̀, èyí tó bá sì gùn ún lè fa ojú abẹ ya. Ẹ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ 10 sí 14, títí ojú abẹ á fi jinná. Ẹ má jẹ́ kí akọ inú ilé pàápàá wọlé tọ̀ ọ́, bó ti wù kí wọ́n mọwọ́ ara wọn tó.

Kí oṣù kan àbọ̀ yẹn tó kọjá, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bó bá ti kọjá tí ìwà náà kò lọ, ẹ mú ìwé àti bírò. Èmi máa ń kọ ọjọ́ àti àkókò, ẹni tó gùn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti bó ṣe parí. Bí fóònù bá wà nítòsí, mo máa ń ká a sí fídíò. Ohun tí èèyàn á fi ẹnu ṣàlàyé títí tí kò ní yé dókítà, fídíò kékeré kan á sọ ọ́ tán.

Akọ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe

Ẹkùn ni orúkọ akọ mi, abilà ni. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ káàkiri kó tó bọ́ sọ́wọ́ mi tí mo fi gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Inú ìyá rẹ̀ ni ọpọlọ akọ ti ń di ọpọlọ akọ. Abẹ kò dé ibẹ̀. Èyí tó bá sì ti gun abo rí ti kọ́ ọ, ohun tí ara bá ti kọ́ kì í tètè kúrò lára. Ìdí nìyẹn tí akọ tí wọ́n ṣe kó tó bàlágà kì í sábà yọni lẹ́nu, tí èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tó ti gun abo sì lè máa gùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Á fi eyín di awọ ẹ̀yìn ọrùn èkejì mú, á gùn ún, á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Oyún kò lè tibẹ̀ jáde mọ́.

Ìwé tí mò ń kọ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé Ẹkùn kì í gùn láìnídìí. Nígbà tí agbọ̀n ẹja tútù bá ń wọlé láti ọjà Olúwo, tí àwọn ọmọ ń sá sókè sá sódò, tí gbogbo ilé ń pariwo, ìgbà yẹn ló máa fò mọ́ Ṣaworo, abo dúdú kékeré, lẹ́yìn. Ayọ̀ ẹja ló pọ̀ lápọ̀jù lára rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí. Ìgbà kejì ni ìgbà tí akọ àjèjì bá gba orí ògiri kọjá. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kò lè jáde lọ bá a jà, ó wá gbé ìbínú náà sórí ẹni tó wà nítòsí.

Ẹ kíyè sí i pé ìfẹ́ abo kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ológbò ń gùn nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn jù, nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, nígbà tí eré bá wọ̀ ọ́ lára, àti nígbà tí wọ́n bá ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Akọ ń gun akọ. Abo tí wọ́n ti ṣe pàápàá ń gun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òmíràn ń gun aṣọ ìbora. Bí ìwé yín bá fi hàn pé ohun kan náà ló ń ṣáájú rẹ̀ nígbà gbogbo, ohun yẹn ni kí ẹ wá nǹkan ṣe sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àwọn ará Yúróòpù lè máà kíyè sí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń sọ fún abo ológbò pé àkókò ìwákọ ti tó. Lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà òtútù tí ọ̀sán kúrú, ọ̀pọ̀ abo á sinmi fún oṣù díẹ̀, gbogbo ilé á rọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Abo tí wọn kò tíì ṣe lè wákọ nígbàkigbà, yálà òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́, igbe rẹ̀ àti òórùn ìtọ̀ rẹ̀ á sì máa wọ inú ilé yín wá. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ ń gbọ́ ọ, imú rẹ̀ kò kú. Nítorí náà, bí akọ yín bá ti jáwọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá tún bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ bèèrè ládùúgbò bóyá abo kan ń ké. Bí ẹ bá lè dáwó jọ ṣe abo yẹn, ohun tí ẹ ṣe fún akọ tiyín ju oògùn lọ. Àwa mélòó kan ládùúgbò wa ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún abo kan tí kò nílé, oorun sì padà sójú gbogbo wa.

Ní ti Ẹkùn fúnra rẹ̀, n kì í lù ú, n kì í da omi sí i lára. Ìbẹ̀rù máa ń dá kún un ni. Mo so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn, bó bá ti ń wo ẹ̀yìn ọrùn Ṣaworo lọ́nà tí mo ti mọ̀, mo ti jù ú síwájú rẹ̀, á sì tẹ̀ lé e. Kí ẹja tó wọlé, mo ti gbé e sínú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Mo ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri lókè kí Ṣaworo lè ríbi sá sí, torí abo tí wọ́n ń dààmú bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní jẹun dáadáa. Àwo oúnjẹ wọn jìnnà síra. Abọ́ yanrìn tí wọ́n ń tọ̀ sí fi ẹyọ kan ju iye wọn lọ: ológbò mẹ́ta, abọ́ mẹ́rin. Mo sì ń bá a ṣeré láàárọ̀ kí n tó dáná sí ààrò, àti lálẹ́, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Kò tíì tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti dín kù débi pé Ṣaworo tún ti ń sùn tì í.

Abo tó tún ń ké

Abo mi kejì, Àdùkẹ́, funfun ni. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ pa á lẹ́yìn níbi tó sún mọ́ ìrù, á gbé ìdí sókè. Àwọn àlejò á ní ó ń wákọ. Rárá o. Ọwọ́ yẹn ló ń dùn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò, á rìn lọ, ó parí. Ìwákọ gidi kì í dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Abo tó ń wákọ lóòótọ́ á máa ké tọ̀sán tòru, igbe gígùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wá. Á máa yíra nílẹ̀, á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ẹsẹ̀ tábìlì àti ẹsẹ̀ èèyàn. Á tẹ àyà mọ́lẹ̀, á gbé ìdí sókè, á yí ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀ léraléra. Oúnjẹ lè má wù ú. Á ṣe é fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, á dákẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta á tún bẹ̀rẹ̀. Bíbọ̀ àti lílọ yẹn gan-an lẹ ń wá nínú ìwé yín. Estrogen ló ń fà á, ilé-ẹyin ló sì ń ṣe estrogen. Abo tí wọ́n bá ti yọ ilé-ẹyin rẹ̀ méjèèjì tán kì í ṣe báyìí, àfi bí estrogen bá ń ti ibòmíràn wọ̀ ọ́ lára. Ibòmíràn yẹn lè jẹ́ ara yín: àwọn ìyá tí wọ́n ń lo ìpara estrogen nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dúró, bí ológbò bá ń lá ọwọ́ wọn tàbí tó ń sùn sí wọn láyà, oògùn náà á wọ̀ ọ́ lára. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lò ó. Kì í ṣe ohun ìtìjú, ó sì lè gba ẹran náà lọ́wọ́ abẹ tí kò yẹ.

Àbúrò mi ní Pópó-Ọba ní abo kan tí dókítà kan ti ṣe, ojú abẹ jinná dáadáa, kò sí wàhálà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, igbe bẹ̀rẹ̀. Àwọn akọ kún orí páànù, àwọn kan nínú ilé sì ń sọ pé igbe náà kì í ṣe ojú lásán. Mo ní kó máa fi àmì sí kàlẹ́ńdà. Igbe náà gba bí ọ̀sẹ̀ kan, ó dúró, ó tún padà. Ìgbà tí mo rí àmì wọ̀nyẹn ni mo ní kó má fi àkókò ṣòfò mọ́.

Ilé-ẹyin méjì ló wà nínú abo, kékeré ni wọ́n, ti ọ̀tún sì wọnú ju ti òsì lọ, kì í tètè ṣeé fà dé ojú abẹ. Èérún kan lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ó tún lè já bọ́ sínú ikùn nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́, kó lẹ̀ mọ́ ibì kan, kó rí ẹ̀jẹ̀ fà níbẹ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, ó tilẹ̀ lè gba ọdún kó tó hàn. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí dókítà tó mọṣẹ́ dunjú pàápàá, nítorí náà ẹ má fi ìbínú lọ bá a.

Ọjọ́ tó bá ń ké gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ohun tí dókítà sọ fún àbúrò mi lórí fóònù nìyẹn: “Àǹtí, bó bá ti dákẹ́, ẹ má gbé e wá o, n ò ní rí nǹkan kan.” Òwú ló fi nu ojú ara rẹ̀, ó fi òwú náà kan gíláàsì, ó sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Nígbà tí estrogen bá ń ṣiṣẹ́, ìrísí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ máa ń yí padà, ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á rí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà. Wọ́n lè fún un lábẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kí ẹyin já, kí wọ́n wá wo progesterone, èròjà tí ilé-ẹyin máa ń ṣe lẹ́yìn tí ẹyin bá já, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Wọ́n sì lè wá AMH, èròjà kan tó ń ti ilé-ẹyin wá. Bí irinṣẹ́ kò bá sí níbi tó sún mọ́ yín, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ni àwa ará Ẹ̀pẹ́ ń gbà: Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, ní ilé ìwòsàn ẹran níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́.

Iṣẹ́ abẹ kejì ni ìwòsàn rẹ̀, ìgbà tí abo náà bá ń wákọ tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀ ló sì dára jù láti ṣe é, torí èérún tó ṣẹ́ kù á ti wú, ojú á rí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti abo àbúrò mi. Igbe náà kò padà mọ́.

Ẹ má sọ pé kò ṣe nǹkan, ó kàn ń ké ni. Níwọ̀n ìgbà tí èérún ilé-ẹyin náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti gé ilé-ọmọ lè gba kòkòrò, kó sì kún fún ọyún. Bí ẹ bá rí omi tó ń rùn lójú ara rẹ̀, tí kò jẹun, tí ara rẹ̀ gbóná, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí àwọn obìnrin ń lò. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè fa kókó sí ọmú ológbò, ó lè fa àtọ̀gbẹ, ó sì lè ba ilé-ọmọ tàbí ohun tó kù nínú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fún un ní paracetamol pẹ̀lú nítorí pé ó ń ké; paracetamol ń pa ológbò.

Ẹ tún bèèrè ohun tí wọ́n yọ gan-an. Bó bá jẹ́ ilé-ọmọ nìkan, tí wọ́n fi ilé-ẹyin sílẹ̀, ìwákọ á máa bá a lọ, kò sì sí ohun tó ṣẹ́ kù láìmọ̀ níbẹ̀.

Bí kórópọ̀n kan bá sá pamọ́

Ọ̀rọ̀ lórí èyí kò pọ̀. Akọ mìíràn wà tí kórópọ̀n rẹ̀ kan kò sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹpọ̀n, tó dúró sínú ikùn. Bí wọ́n bá yọ èyí tó hàn nìkan, akọ ṣì ni. Ìtọ̀ rẹ̀ á ṣì máa rùn bíi ti akọ, á máa jà, á máa rìn lóru. Dókítà lè wo okó rẹ̀: akọ tó ní testosterone ní ẹ̀gún kéékèèké lára rẹ̀, ẹ̀gún yìí á sì lọ ní nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí wọ́n wá kórópọ̀n kejì.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀

Nínú akọ 100 tí wọ́n ti tẹ̀, nǹkan bí 10 á ṣì máa fọ́n ìtọ̀ sára ògiri. Nínú abo 100 tí wọ́n ti ṣe, nǹkan bíi 5. Ẹ wo bó ṣe dúró. Èyí tó ń fọ́n á dúró gangan, á gbé ìrù sókè, ìrù á máa gbọ̀n, ìtọ̀ díẹ̀ á sì lọ sára ògiri tàbí agbọ̀n. Èyí tó bá lóṣòó, tó tọ̀ rẹpẹtẹ sílẹ̀, ẹ yẹ abọ́ yanrìn rẹ̀ wò bóyá ó dọ̀tí, tàbí kẹ̀ àìsàn wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni akọ tó ń lóṣòó léraléra, tó ń tiraka, tó ń ké, tó ń lá okó rẹ̀, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tó ń kán tó-tó-tó. Àwọn èèyàn á máa sọ pé abo ló ń ṣe é. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló dí. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Fún ibi tí wọ́n bá ti fọ́n ìtọ̀ sí, ọṣẹ ìfọṣọ àti omi púpọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á. Ẹ má da Izal tàbí Dettol síbẹ̀: ológbò á rìn lórí rẹ̀, á lá ẹsẹ̀, àwọn èròjà inú wọn sì jẹ́ májèlé fún un. Ẹ má da Hypo lé ìtọ̀, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Bí ẹ bá wá ń gbé ológbò mìíràn lọ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kórópọ̀n méjì ni òun yọ, tàbí ilé-ẹyin méjì pẹ̀lú ilé-ọmọ tàbí láìsí i, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é. Ẹ ní kó fi ohun tó yọ hàn yín. Kò sí àrífín nínú ìbéèrè yẹn. Ẹ wá fi ìwé náà sínú ọ̀rá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò àti eku kò dé, torí òun ni dókítà kejì máa kọ́kọ́ bi yín fún.